Ta ni Yóò Máa Tọ́jú Iṣẹ́ Rere?

Àwọn baba wa a máa wí pé, ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. A ń pa òwe yìí níbi ìkómọjáde gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó sì bá ilẹ̀kùn ní títì, níbo ni igba ojú náà wà? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: bí a bá ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìlera ìyá àti ọmọ, ta ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kú?

Ní ọdún 1957, Dókítà David Morley, ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò ì tí ì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. A ń wọn ọmọ, a sì ń fi àmì ìwúwo rẹ̀ sí ara káàdì, kí ìyá lè rí i bóyá ó ń dàgbà tàbí ó ń rù. Ìyá ni ó sì ń mú káàdì náà lọ sí ilé. Dókítà náà padà sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, ṣe làálàá kí ìtọ́jú lè súnmọ́ ilé olúkúlùkù. Ní 1990, nínú 100 ọmọ tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò ì tí ì pé méjì ní Nàìjíríà, nǹkan bí 30 ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn. Ní 2003, wọ́n kù sí 13. Ìmọ̀ kò sọnù láàárín ọdún wọ̀nyí. Àbójútó ni ó já.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìjọba ni ó ń gba owó orí, kí ìjọba ṣe é. Òtítọ́ ni. Alákàrà kan ní Ṣómólú kò lè ra ẹ̀rọ tí ń mú oògùn tutù, kò sì tọ́ kí a di owó oṣù nọ́ọ̀sì lé orí ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní Bàrígà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìjọba kò mọ̀ pé ọmọ yàrá kẹta kò lọ fún ìwọ̀n ní oṣù tí ó kọjá. Aládùúgbò ni ó mọ̀. Bí oògùn bá tán, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ìyálọ́jà lè lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì tún lọ. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí iṣẹ́ wọn gbajúmọ̀ ní gbogbo Èkó, lè tẹ ìkéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ fún àdúgbò wọn.

Nítorí náà, ojúṣe ìjọba ni láti pèsè. Ojúṣe tiwa ni láti ṣọ́ ohun tí a pèsè, kí a má sì dákẹ́ nígbà tí ó bá dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin pàápàá ní ìpín níbẹ̀. Ẹ mú káàdì àbúrò yín wá, kí ẹ ka ọjọ́ tí a kọ síbẹ̀ sí etí ìyá yín. Bí ó bá ti kọjá, ẹ rán an létí kí ó gbé ọmọ náà lọ.