Ilé Àdágbé Lórí Òkè

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ìdákẹ́jẹ́ sórí òkè, ta ni ó ń sá fún?

Ní ọdún 1911, Charles de Foucauld, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ará Faransé, lọ gbé inú ilé òkúta kékeré kan ní Assekrem, láàrin àwọn òkè Hoggar ní Àlgéríà, ní ibi tí ó ga tó 2,700 mítà. Kì í ṣe nítorí ẹwà òkè nìkan. Àwọn Tuareg a máa da ẹran wọn gba ibẹ̀ wá koríko, òun sì ń fẹ́ wà nítòsí wọn. Èdè wọn ni ó ń kọ ìwé atúmọ̀ rẹ̀.

Lóde òní, oòrùn ni í tan iná irú ilé bẹ́ẹ̀, òrùlé ni í sì gbe omi òjò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wí pé kò gbára lé ẹnikẹ́ni: èjìká ta ni ó ru sìmẹ́ǹtì gòkè? Bí a bá sì dí orísun omi nítorí àlejò wa, kí ni ewúrẹ́ darandaran yóò mu? Lójú tèmi, kí ayàwòrán ilé kọ́kọ́ tọ ipa ọ̀nà àwọn tí ń gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì kọjú ilẹ̀kùn sí i.