Ìbẹ̀rù Kì í Ṣe Ìṣọ́ra

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. A kì í bú irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti rí màbo. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ẹni tí ń sá fún ekòló, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú igbó tí paramọ́lẹ̀ wà? Ọ̀ràn tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nìyí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nínú, ìwà rere ha ni bí?

Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn éèdì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1995, a lé obìnrin kan tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2001, adájọ́ kọ̀ fún un láti wọlé, àfi bí amòye kan bá kọ́kọ́ wá jẹ́rìí pé kò ní kó àrùn ran àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn aláìmọ̀wé ni ó ṣe èyí. Ó di ọdún 2012 kí ilé ẹjọ́ gíga tó dá obìnrin náà láre, tí a sì pàṣẹ pé kí a san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún 17 gbáko ni ó fi ru ẹrù ìbẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí kòkòrò yìí ń gbà kò fara sin. Inú ẹ̀jẹ̀, inú omi ara tí ọkùnrin àti obìnrin ń dà nígbà ìbálòpọ̀, àti inú wàrà ọmú ìyá ni ó ń gbà ran ẹlòmíràn. Kì í ti ara ìbọwọ́ kọjá, tàbí ìdìmọ́ra, tàbí àwo oúnjẹ, tàbí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀fọn kò sì lè gbé e. Ìfẹnukonu pàápàá kò tó láti kó o ranni, bí kò bá sí ọgbẹ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ẹnu.

Ẹ wá wo ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní òwúrọ̀, láti Ọ̀jọ́ dé Okokomaiko. Nínú dánfó, èjìká ń kan èjìká, òógùn ẹnìkan ń kán sí ara ẹnìkejì, kò sì sí ẹni tí ó ti ibẹ̀ kó HIV. Síbẹ̀, bí a bá wí fún wọn pé ẹnìkan láàrin wọn ní kòkòrò náà, ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ náà lè yà sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí a sì fi abẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fá orí ẹlòmíràn fá tirẹ̀, láìbéèrè bí a ti fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú kan wà tí ó lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ 7. Ó sá fún ekòló, ó tẹ paramọ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀ràn yìí kàn jùlọ, pàápàá ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ti kó wọn jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jìnnà sí òbí. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà níbẹ̀. Èkínní fẹnu ko ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi, kò lè sùn, ó rò pé ikú ti dé. Èkejì bá ẹni tí kò mọ ipò ìlera rẹ̀ lò pọ̀ láìlo rọ́bà ìdáàbòbò. Ṣùgbọ́n nítorí pé ara ẹni náà ń dán, ó sùn fọnfọn. Ẹni tí kò sí nínú ewu ń gbọ̀n, ẹni tí ó wà nínú ewu ń hanrun! Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì fi ẹ̀rí ọkàn ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn lè sọ fún wa bóyá a ṣe rere. Kò lè sọ bóyá àrùn wọ ara wa. Ilé ìwòsàn ni ó lè sọ èyí. Bí èkejì bá tètè débẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, oògùn kan wà tí a ń lò fún ọjọ́ 28 tí ó lè dènà HIV. Kí èkínní náà má sì rò pé ewu kékeré kò sí rárá: àrùn mìíràn wà tí egbò etí ẹnu lásán tó láti gbé e.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí a bá sọ fún ọmọdé pé èyí kò léwu púpọ̀, a ha kò ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún un bí?” Ìbéèrè náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìwà mímọ́ tí a gbé ka orí irọ́ yóò wó lọ́jọ́ tí irọ́ náà bá tú. Ọmọ tí a fi àrùn tí kò sí dẹ́rù bà, nígbà tí ó bá rí i pé a tan òun, kò ní gba ìkìlọ̀ wa gbọ́ mọ́ nípa àrùn tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu nítorí pé ó dára, kí a sì kọ́ ọ ní òtítọ́ nípa ewu nítorí pé òtítọ́ ni.

Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, kò fi ohun tí ó pa á pa mọ́. Ó kéde fún gbogbo ayé pé éèdì ni. Ìtìjú ìdílé kò di òtítọ́ lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀mí àwọn alààyè wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ó bá ń lo oògùn HIV déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ fún àyẹ̀wò, bí ó bá mọ̀ pé a ó lé òun ní ẹnu ọ̀nà? Nítorí náà, ìbẹ̀rù aláìmọ̀kan kì í ṣe ìwà rere. Òun gan-an ní í ran àrùn lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù a máa lé ọmọnìkejì jìnnà. Ìṣọ́ra a máa yẹ abẹ wò. Olúwa wa fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀. Kí àwa náà má ṣe fa ọwọ́ wa sẹ́yìn níbi tí ewu kò sí.