Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ilé-Ìwé Ọmọ Mi

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwé kan ní Bódìjà gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Inú bí mi. Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba èdè Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Mo gbé e lọ sí Àgbowó, sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tẹ iṣẹ́ wọn.

Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọmọ Ìkákùmọ̀ Àkókó ni mí. Nílé-ìwé tiwa, ẹni tó bá sọ Ikaan ló ń jẹ pàṣán. Yorùbá ni wọ́n ní ká máa sọ."

Èmi tí mo máa ń pariwo èdè wa kiri, ẹnu mi wọhò. Mo ti máa ń ka Ikaan mọ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, bíi Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè ọ̀tọ̀ ni, ìlú díẹ̀ péré ló sì ń sọ ọ́, ní ààlà Oǹdó àti Ẹdó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akpes tí wọ́n ń sọ ní Ìkáràmù. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, la fi wàásù fún wọn. Yorùbá ni ọjà, òun náà ni rédíò. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Mo ń fi iṣẹ́ náà yangàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí Ìkákùmọ̀, kì í ṣe èdè ìyá ọmọ mọ́.

Mo bi í bóyá ó ń sọ Ikaan fún àwọn ọmọ rẹ̀.

"Rárá o. Ta ni wọn ó bá sọ ọ́ ní Challenge?"

Ìdáhùn ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ mi gan-an nìyẹn: ta ni yóò bá sọ Yorùbá ní London? Bí n kò bá gbà á lẹ́nu ọ̀gá, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á níbí? Síbẹ̀, kì í ṣe èmi ni n ó fi èdè bàbá rẹ̀ nà án. Òun ló bí ọmọ rẹ̀. Èyí tó kàn mí ni pé kí n má pe èdè rẹ̀ ní ẹ̀ka tèmi, kí n má sì bínú fún ọmọ tèmi nìkan.

Níbi tí mo ti kọ "èdè Yorùbá", mo ní kó fi "èdè ilé ọmọ" rọ́pò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.