Àwọn Márùn-ún Tí Ń Wọn Ìwà

Ní ọdún 2019, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, òun alára ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti darúgbó, tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́, sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ó máa ń wẹ ìyá àgbà láàárọ̀ kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-ìwé. Òun náà ni ó ń se oúnjẹ alẹ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó mú lẹ́tà kan bọ̀ wálé. Wọn kò gbà á sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Honor Society. Máàkì rẹ̀ pé, lẹ́tà náà kò sì sọ ohun tí kò pé. Ó mọ̀ pé èdè àti àṣà wa ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn, ni ó bá bi mí pé, “Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn ní ìwà?”

N kò rí èsì fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé òǹkàwé tí kò gbọ́ nípa ẹgbẹ́ náà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Àjọ àwọn ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1921. Edward Rynearson, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní ìlú Pittsburgh, ni ó ṣe aṣáájú ètò náà. Òpó mẹ́rin ni wọ́n gbé e lé: ìmọ̀ ìwé, ìsìn fún ará ìlú, ipò aṣáájú, àti ìwà. Ìmọ̀ ìwé ni ẹnu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 85 nínú 100, tàbí 3.0 lórí òṣùwọ̀n 4.0, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò gba fọ́ọ̀mù, yóò kọ ipò tí ó ti dì mú àti iṣẹ́ àánú tí ó ti ṣe sínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí wákàtí tí ó lò nídìí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn olùkọ́ márùn-ún tí ọ̀gá ilé-ìwé yàn yóò jókòó ní ìkọ̀kọ̀, tí wọn yóò sì dìbò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í dìbò. Ẹni tí mẹ́ta bá fọwọ́ sí ti wọlé nìyẹn.

Mo ní kí ọmọ náà fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù rẹ̀ hàn mí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìsìn, wákàtí mẹ́jọ péré ni ó kọ, èyí tí ó lò ní ilé-ìkàwé àdúgbò. Mo ní, “Ìyá àgbà ńkọ́?” Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìyẹn kì í ṣe ìsìn, Ọ́ńkù. Màmá wa ni.” Bí olùkọ́ kan nínú àwọn márùn-ún náà bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo rò pé ìbò ì bá yí padà. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ibi tí a ń kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù, ta ni ì bá sì fọwọ́ sí i? Nílé wa, ẹni tí ó bá ń ka wákàtí tí ó fi wẹ ìyá baba rẹ̀, a ó máa fura sí i ni.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe bí ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1990, nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ilé-ìwé girama kan, mo wà lára àwọn olùkọ́ tí ó yan àwọn pírífẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dárúkọ ọmọkùnrin kan tí ó mọ̀wé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ràn. Èmi ni mo sọ pé kò ní ìwà. Kí ni mo rí? Pé ó máa ń pẹ́ dé, pé ó ń sùn ní kíláàsì, pé ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá yóò mọ ọmọlúàbí bí ó bá rí i. Ó di oṣù mélòó kan kí n tó gbọ́ pé agogo mẹ́rin ìdájí ni ọmọ náà ń jí láti bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ọjà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A ti yan pírífẹ́ẹ̀tì tán.

Ohun tí ojú ìgbìmọ̀ bá tó ni ìgbìmọ̀ ń pè ní ìwà. Ní Grant County, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ọdún 1998, wọn kò gba àwọn ọmọbìnrin méjì kan tí máàkì wọn tó sínú ẹgbẹ́ yìí kan náà. Ọ̀kan ti bímọ, èkejì lóyún. Ilé-ìwé ní kì í ṣe oyún ni àwọn ń wò, pé bíbá ọkùnrin lò pọ̀ láìṣègbéyàwó ni. Ta ni ó wá bi àwọn ọmọkùnrin léèrè? Tọkùnrin kì í hàn lára. Ní òpin ọdún náà, adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n gba àwọn méjèèjì.

Nínú ìtàn Ifá, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà ni Ìwà. Ọ̀rúnmìlà kò lè fara da àwọn àléébù rẹ̀, obìnrin náà sì kúrò nílé. Ìgbà tí ó lọ tán ni ọkọ rẹ̀ tó mọ ohun tí ó sọ nù, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri láti ilé dé ilé. Bí Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín bá lè bá Ìwà gbé kí ó má mọ̀ ọ́n, kí ni ti olùkọ́ márùn-ún tí ó ka ewé ìwé méjì?

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n yọ ìwà kúrò. Àwa tí a fi máàkì ìdánwò ṣe ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní Nàìjíríà mọ ohun tí ó ń bí: òbí tí ń sanwó ibi ìdánwò tí a ń pè ní míráákù sẹ́ńtà fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́ mọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni èmi ń bá jà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àwọn àgbà ń pè ní àgbà òṣìkà, àní bí ẹjọ́ ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ̀bù ni. Kí wọ́n pe ọmọ náà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún un, kí wọ́n sì bi ẹnìkan tí ó ń bá a gbé. Yóò gba àkókò o. Ó ṣeé ṣe kí àwọn olùkọ́ náà, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, má ní àkókò ọ̀hún; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe ohun tí wọ́n ń wọ̀n ní orúkọ mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa padà sílé, mo kọ lẹ́tà kan sí ilé-ìwé náà, mo sì fọwọ́ sí i pé mo fi ojú ara mi rí bí ọmọ yìí ṣe ń tọ́jú ìyá àgbà. Ó ní kí n má fi í ránṣẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní bí ó bá ti wọ inú fọ́ọ̀mù, ojú yóò máa ti òun nígbà tí òun bá ń wẹ̀ wọ́n. Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í bọ àpò. Ó wà lọ́dọ̀ mi títí di òní.