Ará Ilé Ni Olúwa Fi Gbà Mí

Ẹ̀yin ìjọ, ojú mi méjèèjì tí mo fi ń wò yín láàárọ̀ yìí ni ẹ̀rí mi. Ìbá ti fọ́. Olúwa ni kò jẹ́ kó fọ́, mo sì wá dúpẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí. Ọmọ Òkìtìpupa ni mí, olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti tọ́mọ. Bàbá mi ṣe olùkọ́ ìjọ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni wọ́n ń gùn láti abúlé kan dé èkejì lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi a sì jókòó sórí irin iwájú. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí Òde-Aye àti Igbótako. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di ará Èkó, òkú nìkan ló ń gbé mi wálé. A ó dé láàárọ̀, a ó sìnkú, a ó jẹun, a ó sì ti dorí kọ Ọ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀: wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í sùn nílé. "Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani." Òwe yẹn ni àwọn ẹbí mi l'Ékòó máa ń pa fún mi bí mo bá ní mo fẹ́ wá lo ọjọ́ mélòó kan.

Ọmọ mi obìnrin kan ń gbé ní Jàpáánì. Nígbà tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ̀lé àwọn kan tí afinimọ̀nà ń ṣáájú, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere la ìgbèríko Shikoku kọjá. Erékùṣù ni Shikoku. Tẹ́ńpìlì 88 wà níbẹ̀ tí àwọn olùfọkànsìn máa ń yí ká ní ìrántí Kukai, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n bí ní 774. Gbogbo ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ọmọ mi gùn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: oko ìrẹsì, àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun, ilé àlejò àtijọ́ tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sórí ẹní. Mo ní, "Aṣọ funfun, ẹ tún bọ́ bàtà? Ṣé Kérúbù ni wọ́n ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn ará abúlé ibẹ̀ máa ń dá àwọn arìnrìn-àjò yìí dúró lójú ọ̀nà, wọ́n a fún wọn ní èso tàbí tíì, wọn kì í sì í béèrè ẹ̀san. Mo wá ní, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwa kò ní ará abúlé ni? Kí ló dé tí mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ lọ kí wọn, kí n sì sùn lọ́dọ̀ wọn?

Mo wá Tíṣà kàn. Olùkọ́ eré ìdárayá ni wọ́n níbí kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, àwọn ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ gun kẹ̀kẹ́ káàkiri. Wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ ẹni tó bí onílé. Àwa mélòó kan tẹ̀lé wọn. A kí Ìkòyà níbi tí ààfin ọba wa, Abódì, wà, a dé Òde-Aye, a wọ ilẹ̀ Òṣóòrò lọ. Ní Ìjù-Odò, Tíṣà dá wa dúró pé ìlú Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu nìyí, ẹni tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ wa láti 2003 sí 2009, tí yunifásítì tó wà l'Ókìtìpupa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Wọ́n sọ ti Agbábù fún wa, níbi tí wọ́n ti rí ọ̀dà nínú ilẹ̀ láti 1910. Ohun tí mo ti ń fi mọ́tò sáré kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo wá ń rí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

A kò sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé pásítọ̀ la sùn sí, ilé ẹbí la sùn sí. Wọ́n ro pupuru fún wa, wọ́n fi ẹja Ìgbòkòdá se ọbẹ̀, wọ́n sì gbé yàrá tiwọn sílẹ̀ fún wa. Nílé kan, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ìbátan bàbá mi fọwọ́ kan orí mi, ó sì kì mí ní oríkì tí ẹnikẹ́ni kò kì mí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyá yẹn. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ yẹn, a ń gba àárín oko ọ̀pẹ kọjá. Oòrùn mú, a ní ká sinmi. Wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì fi kẹ̀kẹ́ mi tì í. Ṣèbé ti lúgọ síbẹ̀. Ó nàró, ó fẹ ọrùn, kí n tó ké, ó ti tu oró sí mi lójú méjèèjì. Ejò yìí kì í dúró dìgbà tó bá bu èèyàn jẹ; ó lè tu oró dé ibi tó ju mítà méjì lọ, ojú èèyàn gan-an ló sì máa ń dojú kọ. Ó ta mí bí ẹni da ata gígún sí mi lójú. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lọ sójú pé kí n nu ún.

Tíṣà gbá ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má nu ún!" Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n fìka ṣí ìpéǹpéjú mi, wọ́n ń da omi ìgò sí i. Ti wọn tán, wọ́n gba ti àwọn yòókù, ìyẹn náà tán. Wọ́n mọ ilé kan níwájú. Wọ́n fà mí débẹ̀, wọ́n ń pariwo orúkọ onílé bọ̀. Obìnrin kan ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, ó gbé garawa. Ọkọ rẹ̀ ń fa omi nínú kànga, àwọn ọmọ ń gbé e wá, àwọn aládùúgbò dé. Ẹnì kan ní ká fún ọmú sí i, ẹnì kan ní kẹrosíìnì, ẹlòmíì ti já ewé. Tíṣà ní rárá o, omi nìkan. Wọ́n ń da omi sí mi lójú, bó bá rẹ ẹnì kan, ẹlòmíì a gbà á. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ dáadáa kí wọ́n tó dúró. Ọlọ́kadà kan gbé mi dé ilé ìwòsàn, kò béèrè ẹni tí yóò sanwó.

Dókítà tún fi omi oníyọ̀ fọ ojú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kán oògùn sí i. Ó ní ejò kò bù mí jẹ, nítorí náà n kò nílò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa oró. Ó ní awọ tó bo ẹyinjú ni oró yẹn máa ń jó. Bí wọ́n bá tètè fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, ó sábà máa ń san, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nu ún tàbí tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́, egbò lè dé, ojú sì lè fọ́. Ó bi mí pé ta ló fọ̀ ọ́. Mo ní gbogbo abúlé ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ti ń dún láti Èkó. "Ṣé a ò sọ fún ọ?" Ẹnì kan ti bá mi wá aríran tí yóò sọ ẹni tó rán ejò. Kò tilẹ̀ dúró de aríran, ó ti dárúkọ fúnra rẹ̀: ìyá arúgbó tó kì mí.

Ẹ̀yin ará, ojú mi dì nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ìwé Jòhánù orí 9 ni mo rántí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí afọ́jú, ẹni tó fà á ni wọ́n ń wá. Jésù kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn. Omi ló rán ọkùnrin náà lọ fi wẹ̀. Mo ní kí wọ́n má mú aríran wá. Ejò tí mo ká mọ́ ibùsùn rẹ̀ ṣe ohun tí ejò ń ṣe. Àwọn ará ilé tí wọ́n ní kí n máa sá fún, àwọn ló fa omi. Ẹni tó jẹ́ kí gàrí rẹ̀ jóná nítorí mi, kò mọ orúkọ mi. Ó tún gbé pupuru àti ẹja tọ̀ mí wá sí ilé ìwòsàn. Ìyá arúgbó wá ṣe àìsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n pe ìyá yẹn ní àjẹ́, ìwà wo ni mo hù sí Ọlọ́run tó rán wọn sí mi?

Bí oògùn ṣe ń wọ̀ ọ́, ìrora ń lọ. Nígbà tí dókítà tan iná sí ojú náà, ó ní kò sí egbò. Halelúyà!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, lọ́wọ́ ìyá onígàrí àti ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó gbé garawa, lọ́wọ́ ọlọ́kadà, lọ́wọ́ dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó síbí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ìjọ rí yín.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ tí ẹ ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun wá síbi ìdúpẹ́ yìí, ẹ má sáré lọ kí oòrùn tó wọ̀. Tíṣà tún ń kó èèyàn jáde láìpẹ́, èmi náà sì ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú ìgò omi méjì dání: ọ̀kan fún mímu, ọ̀kan fún ojú ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀. Ẹ bá mi gbé Jésù ga!