Iye Ọjà àti Mudu: Ọ̀rọ̀ Balarabe Musa ti Kaduna

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé kéwú wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ti ń bàlágà bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò rí ìdáhùn rẹ̀ sọ lójú ẹsẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé Alhaji Balarabe Musa, tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Kaduna rí, kò gbà fún àwọn alátakò rẹ̀ rárá, títí tí wọ́n fi yọ ọ́ nípò. Ó ní, "Áàfáà, ṣé olódodo ni ẹni bẹ́ẹ̀, àbí olóríkunkun?"

Àwọn àgbà wa rántí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ ní ṣókí. Kaya ní ilẹ̀ Zaria ni a ti bí Balarabe Musa ní 1936. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó kọ́. Ní 1979, ẹgbẹ́ PRP tí Màláàmù Aminu Kano jẹ́ olórí rẹ̀ fà á kalẹ̀, ó sì wọlé gómìnà. Kaduna ìgbà náà tóbi ju ti òní lọ, nítorí Katsina wà nínú rẹ̀ títí di 1987. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà tí ó fi ìbò gbé e wọlé ni ó kó ọ̀pọ̀ àga Ilé Aṣòfin fún ẹgbẹ́ NPN. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni: ọwọ́ Balarabe wà lórí ìdarí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wà lórí bíréèkì.

Ó fi orúkọ àwọn tí yóò ṣe kọmíṣọ́nnà ránṣẹ́, wọ́n kọ̀. Ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n tún kọ̀. Ó wá ń ṣe ìjọba lọ láìní kọmíṣọ́nnà. Òun àti Abubakar Rimi ti Kano, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ PRP, pa haraji àti jangali rẹ́, èyí ni owó orí ènìyàn àti owó orí màlúù, tí ó ti ń ni tálákà lára láti ayé àwọn baba wọn. Wọ́n tún ń bá àwọn gómìnà UPN ti ilẹ̀ wa ṣe ìpàdé, Jakande àti Bola Ige wà níbẹ̀, ìpàdé yìí sì wà lára ohun tí ó pín PRP sí méjì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1981, Ilé Aṣòfin yọ Balarabe. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a yọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó gba kóòtù lọ, kóòtù ní òfin 1979 kò fún àwọn láyè láti dá sí i. Igbákejì rẹ̀ ni ó parí sáà náà.

Ọmọ ọjà ni wá, ojú ọjà ni a sì fi wò ó. Ní ìsọ̀ ẹ̀wà àti ọkà, nǹkan méjì ni ó wà láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà: iye àti mudu. Iye, a lè ná an títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní yọ kọ́bọ̀ kan kò ṣe olódodo ju ẹni tí ó yọ náírà mẹ́wàá lọ, kòkòrò ni yóò bá a jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ná mudu. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí ń fi òòlù lu ìdí mudu wọnú kí ó lè gba ọkà díẹ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lójú tiwa, mudu ni ọ̀rọ̀ haraji. Ohun tí ó sọ fún tálákà kí wọ́n tó dìbò fún un nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ ná an. Ṣùgbọ́n àga kọmíṣọ́nnà, iye ni a kọ́kọ́ pè é. Ìwé àdéhùn Hudaybiyya ńkọ́? A gbà kí wọ́n pa oyè Òjíṣẹ́ Ọlọ́run rẹ́ kúrò nínú ìwé, kí àlàáfíà lè wà. Bí Balarabe bá ti fún wọn ní àga méjì tàbí mẹ́ta, bóyá ìbá lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé. Ẹni tí kò fẹ́ ta ọjà ara rẹ̀, àdánù ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àmánà ni ipò gómìnà, àwọn tí wọ́n dìbò ni wọ́n san owó ìdúróṣinṣin rẹ̀, ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ gbáko.

A sọ èyí fún àgbàlagbà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ẹ bá fi ẹni tí ń gba haraji jókòó sórí àga, ṣé kò ní gba ẹ̀yìnkùlé mú haraji padà wá?" A kò rí èsì fún un.

Ohun tí ó pa wá lẹ́nu mọ́ ni èyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan tí ìwé ìsọ̀ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àfi kí a mú nǹkan wá kí òun tó fún wa. A ní iye ni, a fún un, ìsọ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa wà níbẹ̀, ó ń wò wá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oníbàárà kan gbé ẹ̀wà padà wá pé kò pé. A yí mudu wò, ìdí rẹ̀ ti wọnú. Nígbà tí a bi ọmọ náà, kò tilẹ̀ bẹ̀rù. Ó ní, "Bàbá, owó tí a fún ọ̀gá ọjọ́ yẹn ni mo ní kí n máa fi rí padà."

Balarabe Musa kò kúrò nínú òṣèlú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó du ipò ààrẹ lábẹ́ PRP ní 2003, kò wọlé, Ọlọ́run sì pè é ní oṣù kọkànlá 2020. A sọ gbogbo èyí fún ọmọ kéwú wa, títí kan ọ̀rọ̀ ìsọ̀ wa, ojú sì tì wá díẹ̀. Kò tún béèrè Balarabe mọ́. Ó ní, "Áàfáà, mudu náà ńkọ́?"

A ti ra tuntun. Èyí tí ìdí rẹ̀ wọnú wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, a kò tíì jù ú nù.