Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Faransé Yóò Mú Bọ̀ Wálé?

Ilẹ̀ Àwórì ni ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gbà kọjá. Ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ yóò kọjá lẹ́bàá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Yóò la Òkokomáíkò já, yóò sì kan Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti di yunifásítì ní 2022. Ní Àgbádárìgì ni Abúlé Èdè Faransé wà láti 1991. Lẹ́yìn èyí ni Sẹ̀mẹ̀ tí í ṣe ẹnubodè, Àjàṣẹ́ kò sì jìnnà mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti àdúgbò yìí kọjá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu láti kọ́ àṣà àti ọ̀làjú Faransé yóò rí ohun ìyanu. Faransé ni a fi ń kọ ìwé ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ Ègùn àti Yorùbá lọ́jà. Èdè ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ni ó sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ òkèèrè fún un.

Kí ni ó tọ́ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ mú bọ̀? Àwọn kan kò mú ju ohùn imú àti ìfẹ́ búrẹ́dì gígùn bọ̀. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìdáhùn kejì lágbára ju ti ìṣáájú lọ: kí ó mú ọ̀wọ̀ tí Faransé ní fún èdè ara wọn bọ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà ka Látìnì sí èdè ìmọ̀, tí wọn kò ka Faransé kún. Ní 1539, ọba wọn, François Kìíní, pàṣẹ pé Faransé ni kí a máa fi kọ ìwé ilé-ẹjọ́. Ní 1635 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn àgbà tí ń ṣọ́ èdè náà sílẹ̀. Ènìyàn ni ó gbé èdè náà ga. Kò bọ́ láti ọ̀run. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, fi Faransé yìí kan náà kọ ìtàn àròsọ lórí ààfin Dàhọ̀mì, tí a tẹ̀ jáde ní 1938. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn yìí dùn mọ́ olùkọ́ Yorùbá nínú. Síbẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí Faransé ti ń ga ni a ń tẹ àwọn èdè mìíràn mọ́lẹ̀ nínú ilẹ̀ Faransé gan-an. Bí ọmọ ilẹ̀ Bretagne bá sọ Breton ní ilé-ìwé, wọn a gbé ohun àbùkù kọ́ ọ lọ́rùn, bóyá bàtà onígi, kí ó máa gbé e kiri títí yóò fi tú àṣírí ọmọ mìíràn tí ó ṣe bíi tirẹ̀. Ìyà yìí kan náà ni wọ́n gbé dé ilé-ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1951 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún Breton ní ilé-ìwé ìjọba.

Ǹjẹ́ ọ̀wọ̀ èdè lè wà láìsí àbùkù yìí? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti Paríìsì nìkan. Ní Ọ̀tọ̀ àti Ìba, ọmọ Àwórì lè dìde ní kíláàsì Yorùbá kí ó sọ̀rọ̀ bí ìyá-ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́, kí gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ègùn tí ó jókòó tì í yóò sì pa ẹnu mọ́. Olùkọ́ tí ó bá bá wọn rẹ́rìn-ín kò gbé bàtà onígi kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò gbé nǹkan délé lọ́jọ́ náà.

Òótọ́ ni pé Yorùbá àjùmọ̀lò ni olùyẹ̀wò ń retí, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi èyí tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ Àwórì kò ṣe àṣìṣe. Olùkọ́ lè kọ gbólóhùn ọmọ náà sójú pátákó, kí ó kọ ti àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ní kí kíláàsì wá ibi tí ohùn àti ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, kí ó sì bi ọmọ Ègùn náà bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé tirẹ̀.